Àwọn Ìlà Mi Nínú Iṣẹ́ Ẹlòmíràn

Ooru ẹ̀rọ náà ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́sàn-án, ṣe ló máa ń dà bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìwó ni, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí àwọn èèyàn máa ń yọjú lójú fèrèsé kí wọ́n lè sọ délé pé àwọn ti rí i. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé èmi àti obìnrin kan lọ́wọ́ ni pé ká kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò máa tẹ̀ lé láti pín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà, láti Ìwó dé Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà, sí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Obìnrin náà fi bí ọdún márùn-ún jù mí lọ. Àǹtí ni mo ń pè é. Òun náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń pè mí ní ọ̀gá kékeré, torí mo máa ń rìn bí ẹni tó ni ọ́fíìsì. Òun ló kọ abala tó ń pín àwọn ọmọ. Èmi kọ abala kékeré kan tó ń wò ó bóyá orúkọ ọmọ kan ti wọlé tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn òbí mìíràn máa ń gba fọ́ọ̀mù méjì kí ọ̀kan má baà sọnù. Gbogbo ìgbà tí abala tirẹ̀ bá nílò tèmi, kọ̀ǹpútà á fi ibẹ̀ sílẹ̀, á wá sọ́dọ̀ mi, á tún padà. Mo ní àlọ àti àbọ̀ yẹn ń fi àkókò ṣòfò, pé kó kúkú da àwọn ìlà mi kọ sínú tirẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti nílò wọn.

"Ṣé kò ní kó wa sí wàhálà tó bá yá?" ló bi mí.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Mi ò mọ nǹkan kan.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, orúkọ ò tíì jáde. Kọ̀ǹpútà á ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí epo jẹnẹrétọ̀ á fi tán, kò ní parí. Àwọn òbí ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó jí ọmọ wọn gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá wa dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ojú líle. Ó ní ká fi abala tó ń fà sẹ́yìn han òun. Ẹni tó kọ ọ́ yóò gba lẹ́tà ìdádúró ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀.

Inú mi dùn, torí mo ti ní irinṣẹ́ tí yóò dáhùn. Mo ti kọ ètò kan tí mo pè ní olùṣọ́. Bí aago inú ẹ̀rọ bá ti ró, olùṣọ́ á yọjú, á wo nọ́ńbà ìlà tí kọ̀ǹpútà wà, á sì kọ orúkọ abala tó ni nọ́ńbà náà sílẹ̀. Abala tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ, òun ló ń jẹ àkókò. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde, abala Àǹtí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú ìwé. Tèmi kò tiẹ̀ fara hàn. Ó ń tì mí lójú láti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo yọ̀.

Àǹtí ka ìwé náà. "Iṣẹ́ mi ò lè wúwo tó báyìí, ọ̀gá kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

"Àǹtí, ẹ̀rọ kì í purọ́."

Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ìyàwó ilé wọn máa jáde lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọkọ ló bá a bẹ̀ wọ́n. Bó bá gbé lẹ́tà ìdádúró délé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti parí nìyẹn títí ayé. Gbogbo wa la mọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn kò pè mí ní ọ̀gá kékeré mọ́. Sà ló ń pè mí, ọ̀rọ̀ náà sì ń gún mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ti kírun tán, mò ń lọ sílé láti jẹun. Bàbá arúgbó kan jókòó síwájú ilé tí mo ti gba yàrá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ọmọ ilé ta ni ọ́?"

"Ilé yìí ni mò ń gbé, sà."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí ò ń sùn. Ilé tí wọ́n ti bí ọ ni mò ń bi."

"Olúpọ̀nnà ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ká lè mọ ẹni tí a ó ránṣẹ́ sí bí o bá dáràn."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ olùṣọ́. Ibi tí ìlà ń sùn nìkan ni olùṣọ́ mi ń béèrè. Àwọn ìlà tí mo ní kí Àǹtí dà kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ ti gba nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì jẹ, orúkọ rẹ̀ ni olùṣọ́ ń kọ ọ́ sí. Mi ò rántí oúnjẹ mọ́. Mo sáré padà, mo fún olùṣọ́ ní àkọsílẹ̀ gbogbo ìlà tó ti abala mìíràn wá, mo ní kó máa kọ nǹkan méjì: ibi tí ìlà wà, àti ibi tó ti wá. Mo fi orúkọ ọmọ díẹ̀ dán an wò. Mo ń ka ìwé náà bó ṣe ń jáde. Abala mi ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá ti yọ bírò nígbà tí mo wọlé. Àǹtí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Olùṣọ́ ló ṣàṣìṣe."

"Ta ló wá ń fà wá sẹ́yìn?"

Ìwé tuntun náà wà nínú àpò mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ, pé èmi ni. Mi ò sọ ọ́.

"Apá kan tí àwa méjèèjì jọ ń lò ni, sà."

Ọ̀gá dé bírò rẹ̀, ó ní òun fún wa láyè di ọjọ́ Ajé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí fúnra rẹ̀ ló rí i pé láti orí orúkọ àkọ́kọ́ ni abala mi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó tún un ṣe kó máa lọ tààrà síbi tí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ náà wà. Lọ́jọ́ Ajé, orúkọ jáde kó tó di ọ̀sán. Ó wá sídìí tábìlì mi, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, obìnrin tó jù mí lọ.

"Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ọ̀gá kékeré. Ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí."

Mo ní kó dìde. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Irinṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lónìí ń fi ibi tí ìlà wà àti ibi tó ti wá hàn papọ̀, wọn ò sì kà á sí nǹkan kan. Àǹtí ṣiṣẹ́ náà dé ìfẹ̀yìntì, ó ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Mo lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, gbá ọwọ́ mi mú láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gba ìyàwó mi sílẹ̀ lọ́jọ́sí. Títí tó fi kú ló ń ṣàdúà fún yín." Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.