A Lọ Kí Olóko Ọ̀pẹ ní Màléṣíà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo fa kọ́kọ́rọ́ ilé mi lé aládùúgbò mi lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́. Ó bi mí pé ibo ni mò ń lọ ní irú àkókò yìí. Mo ní mò ń lọ sí Éṣíà. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Oǹdó ni mo kọ́kọ́ yà, nítorí ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó mi ń gbé. Màmá ti jókòó sórí àpótí níta kí a tó dé. Ó ti wé gèlè, àpò gàárì méjì sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kọ́lá, dẹ́rẹ́bà tí mo háyà, wo gàárì, ó wò mí.

“Màmá, wọ́n máa fún yín lóúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi o.”

“Mo gbọ́. Ṣé gàárì wà nínú ẹ̀?”

Kọ́lá gbé gàárì sínú búùtù.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọmọ mi obìnrin, Ṣadé, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Síngápọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó kí ó lè fi èmi àti ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, irú èyí tó ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn, tí èrò ń sùn sínú rẹ̀ bíi hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá rẹ̀ kú kí owó tó pé. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀. Ó ní òun ò lè gbàgbé ẹ̀. Bí ìyá òun kò bá lè lọ mọ́, ìyá ìyá òun á lọ.

Ìlú méjì ni ọkọ̀ náà máa yà ní Màléṣíà kó tó padà sí Síngápọ̀: Klang àti Penang. Bí ó bá ti gúnlẹ̀, èrò lè sanwó kí bọ́ọ̀sì ọkọ̀ kó wọn lọ wo ìlú, tàbí kí oníkálukú dá lọ fúnra rẹ̀. Mo ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀. N kò tètè rí ilé ìwé lọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, nítorí náà n kì í fo ìlà kankan. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré. Ó ní bí bọ́ọ̀sì ọkọ̀ bá pẹ́, ọkọ̀ á dúró dè é. Bí ẹni tó dá lọ bá pẹ́, ọkọ̀ á lọ. Mo rò pé àwọn tí kò mọ àkókò ni wọ́n ń bá wí.

Ṣadé bẹ̀ mí lórí fóònù. “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá bọ́ọ̀sì wọn lọ.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi hàn wá?”

“Ilé òrìṣà wọn, ilé ìtajà, àpáta.”

“Àpáta wà ní Àkúrẹ́.”

“Dádì, ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má bá mi gbé Màmá sọnù o.”

Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní í gbé e sọnù. Èmi náà sì mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ọkùnrin wo ló máa wọ Oǹdó, láàárín ẹbí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, kó ní òun ti gbé ìyá wọn sọnù sí Éṣíà?

Màmá fúnra rẹ̀ ti mọ ibi tó fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi fún epo pupa ní Bọ́lọ́rundúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́, bí gbogbo wa ṣe ń gbọ́, pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ará Màléṣíà ti mú ọ̀pẹ, tí wọ́n gbìn ín, tí wọ́n sì fi là. “Mo fẹ́ rí ọ̀pẹ wa,” ó wí. “Ìyẹn náà ni.” Mo wo máàpù orí fóònù. Láti èbúté Klang dé erékùṣù kan tí ọ̀pẹ bò, kò tó Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Mo ṣírò rẹ̀ pé a ó lọ láàárọ̀, a ó wo ọ̀pẹ, a ó sì padà kí wọ́n tó kó oúnjẹ ọ̀sán nílẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. A wọ bàálù l'Ékòó. Síngápọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi di èèpo ọsàn kan mú lọ́wọ́ láti pápá bàálù dé ilé Ṣadé. Ìgò omi kan níbẹ̀ tó owó tí èèyàn á fi jẹun yó ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́.

Ọkọ̀ náà ga ju ilé èyíkéyìí tí mo mọ̀ ní Àkúrẹ́. Yàrá méjì ni Ṣadé gbà fún wa, síbẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ gbà pé tọkọtaya ni wá. Ọmọkùnrin tó ń pín tíì bi mí bóyá ìyàwó mi ń fẹ́ ṣúgà. Mo dìde dúró. Mo ní ìyá ìyàwó mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwàdà mi dùn. Láti ìgbà náà, tábìlì kejì ni mò ń jókòó sí, mò ń wo Màmá lọ́ọ̀ọ́kán.

Ní Klang, dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Salleh ní òun á gbé wa lọ gbé wa bọ̀ ní igba ríngítì, ìyẹn owó wọn. Mo dúró lórí àádọ́jọ, ó gbà. Òyìnbó ló ń bá mi sọ. Èmi ni mò ń túmọ̀ fún Màmá. Salleh ń pè é ní Makcik, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀. A kò tíì rìn jìnnà tó fi bi í pé, “Sudah makan?” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni, ṣé ẹ ti jẹun? Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn nìyẹn. Màmá ní ìlú tí wọ́n bá ti ń béèrè bẹ́ẹ̀, èèyàn gidi ló wà níbẹ̀.

Ọ̀nà náà tẹ́jú. A kò rí ọlọ́pàá kankan tó fi igi dínà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a ti ṣìnà.

Lẹ́yìn afárá kan ni ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀. Tiwa máa ń hù síbi tó bá wù ú. Tiwọn tò sí ìlà bí ọmọ ilé ìwé tó ń kọrin orílẹ̀-èdè. Màmá wò ó títí.

“Wọ́n kúrú,” ó wí.

“Irúgbìn tuntun ni, Makcik,” Salleh ní. “A kì í gùn ún. Dòjé ẹnu ọ̀pá la fi ń gé ẹyìn rẹ̀.”

“Háà. Ẹ ò wá jẹ́ kó dàgbà.”

Ètò mi ni pé kí a ya fọ́tò létí ọ̀nà, kí a sì yí padà. Ṣùgbọ́n Màmá ti sọ̀ kalẹ̀. Ó lọ síwájú géètì, ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó ké: “Olóko o! Àrokobọ́dúndé o!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í wọ oko olóko láìké sí i. Ẹni tó bá dákẹ́ wọlé, olè ni. Ọ̀pẹ kò dáhùn. Màmá tún ké. Ẹ̀ṣọ́ kan jáde nínú ahéré ẹnu géètì, ó ní kí la fẹ́. Mo ní ìyá yìí fẹ́ kí olóko. Ó wo Màmá, ó wo ọ̀pẹ, ó wọlé lọ gbé fóònù.

Ohun tó sọ lórí fóònù, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé máníjà kan, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, sáré dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú akoto méjì. Ó bi wá bóyá àwa ni aláyẹ̀wò láti òkèèrè. Mo ní rárá, Nàìjíríà la ti wá, níbi tí ọ̀pẹ ti wá. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Nípa irúgbìn ni?”

Mo ní Màmá kò ní í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn àfi olóko. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Ó fi akoto kan dé mi lórí, ó fi ìkejì lé orí gèlè Màmá, ó mú wa lọ sí ọ́fíìsì.

“Kọ́ńpìnnì ló ni oko,” ó wí.

“Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Màmá béèrè.

“Àwọn èèyàn púpọ̀ ló da owó pọ̀, Makcik.”

“Wọ́n mọ ara wọn?”

Máníjà ronú. “Rárá.”

“Wọ́n ń pín èrè?”

“Lọ́dọọdún.”

“Wọ́n ń jà?”

“Nígbà mìíràn.”

Màmá yíjú sí mi. “Ilẹ̀ ẹbí ni, Bàbá Ṣadé. Sọ fún un kó bá wa pe olórí ẹbí.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Máníjà pe ọ̀gá rẹ̀ pátápátá. Ọ̀gá ní òun ń bọ̀. Wọ́n gbé teh tarik fún wa, ìyẹn tíì oní mílíìkì tí wọ́n ń dà láti kọ́ọ̀pù òkè sí tìsàlẹ̀ títí yóò fi hó. Ó dùn. N kò lè gbádùn rẹ̀.

“Màmá, ọkọ̀ o.”

“A ti ké sí olóko, ó ti dá wa lóhùn pé òun ń bọ̀. Ṣé kó wá dé kó má bá wa?”

Òótọ́ ni. Kò sì sí ọkùnrin tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ìyá ìyàwó rẹ̀. Mo mu tíì. Oòrùn kọjá sí apá kejì fèrèsé.

Nígbà tí olórí ẹbí dé, èèyàn kúkurú ni, lọ́yà kan sì tẹ̀ lé e. Lọ́yà gbé fóònù sórí tábìlì kó lè gba ohùn wa sílẹ̀. Màmá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Sọ fún un pé mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ti mú ọ̀pẹ.”

Mo sọ. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀.

“Sọ fún un pé mo ti fojú ara mi rí i.”

Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀. Olórí ẹbí ń làágùn.

“Ẹ kú ìtọ́jú. Ọmọ tó lọ gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ le báyìí, ọpẹ́ ló yẹ ẹni tó wò ó.”

Wọ́n ń retí. Lọ́yà ní, “Àti kí ni?”

“Kò sí mọ́,” Màmá wí, ó jókòó.

Olórí ẹbí bọ́ akoto rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba fún un bí àwọn ará Màléṣíà ṣe ń ṣe fún àgbà. Ó ní kí wọ́n gé ìdì ẹyìn kan fún wa. Ìdì náà wúwo bí ọmọ ewúrẹ́.

Salleh sáré títí a fi bá ọkọ̀ akẹ́rù kan lórí afárá tó kó ẹyìn kún dẹ́nu, tó ń rìn bí ìgbín. Kò sí àyè láti yà á sílẹ̀. Màmá ń ka ìdì ẹyìn tó wà nínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tí a dé èbúté, ọkọ̀ wa ti kúrò létí omi. Màmá gbé ẹyìn rù, ó sáré dé ibi tí ilẹ̀ pin sí, ó gbọ́wọ́ sókè: “Dẹ́rẹ́bà! Ó ku èrò o! Ó ku èrò!” Àwọn òyìnbó orí ọkọ̀ ju ọwọ́ sí i tìdùnnú-tìdùnnú. Àwọn kan ya fídíò.

Mo pe Ṣadé. Mo ní a ti rí ọ̀pẹ.

“Ọkọ̀ ń kọ́, Dádì?”

“A ṣì ń rí òun náà.”



Ọkùnrin kan tó ń ṣojú ọkọ̀ ní èbúté tọ̀ wá wá pẹ̀lú àpòòwé kan. Ìwé ìrìnnà wa àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó o sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Ó ní kí a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Penang, kí a lọ dúró de ọkọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kápítẹ́ẹ̀nì ló máa pinnu bóyá òun á gbà wá padà. Màmá dúpẹ́, ó gbé ìdì ẹyìn fún un. Ó gbà á mọ́ra bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ fún.

Bọ́ọ̀sì náà tutù, àga rẹ̀ gbòòrò, Màmá sì sùn. Èmi kò sùn. Mò ń ro ohun tí mo máa sọ ní Oǹdó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a ti jókòó létí omi Penang kí ọkọ̀ wa tó yọ. Nígbà tí wọ́n sọ àtẹ̀gùn sílẹ̀, Màmá lọ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ewu ọkọ̀. Ẹ rọra o.” Ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tẹrí ba. Òyìnbó arúgbó kan rò pé ìjọba ìlú ló gbé e síbẹ̀. Ó fún un lówó ẹyọ, ó bi í pé bọ́ọ̀sì wo ló ń lọ sí ìlú. Màmá nawọ́ sí ọ̀kan. Arúgbó náà wọ̀ ọ́.

Ọ̀gá kan láti inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lejú mọ́ mi. “Ẹ̀yin méjì àná nìyí?”

Mo ti ń múra láti dọ̀bálẹ̀. Màmá ṣáájú mi: “Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ọkàn wa ò balẹ̀ nípa yín.”

Mo túmọ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó sọ nìyẹn. Ọ̀gá náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn èrò tó tò dé òkè àtẹ̀gùn, tí wọ́n ń retí kí Màmá kí àwọn náà kí wọ́n tó kọjá. Ó ní tí ó bá ti kí wọn tán, kí a wọlé lọ jẹun.

A kò lọ síbi kankan ní Penang. A sùn.

Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá lọ wo ìlú láti inú ọkọ̀ ojú omi, kó wo máàpù dáadáa, kó bá dẹ́rẹ́bà sọ owó kó tó jókòó, kó sì di oògùn rẹ̀ mọ́ra. Bó bá jẹ́ pé àgbà ló bá a rìn, kó ṣírò àkókò ìrìn, kó sì ṣírò àkókò ìkíni lọ́tọ̀, nítorí òun ló ń gùn jù.

Gbogbo ẹbí ti pé jọ ní Oǹdó nígbà tí Kọ́lá gbé wa dé. Ṣadé ti pè wọ́n. Àbúrò ìyàwó mi kò jẹ́ kí n bọ́ bàtà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ̀ fi Màmá sílẹ̀ sí Éṣíà?”

Gbogbo wọn wò mí.

“Ta ló fi mí sílẹ̀?” Màmá wí. “Àwa la dúró dè wọ́n ní Penang. Ẹ bi í.” Ó wọlé lọ bọ́ gèlè. Ó pe mí látinú ilé. “Bàbá Ṣadé, má tíì lọ. Wọ́n ń gbé oúnjẹ bọ̀.”

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí tí mo bá wá kí wọn, tí mo sì máa ń padà. Àbúrò rẹ̀ fa àga kan síwájú. Mo jókòó.