Ojú Tí A Dá Dúró Nínú Tẹlifíṣàn

Mi ò fẹ́ràn dikódà yẹn láti ọjọ́ tí a ti rà á. Méjì ni ọkùnrin tó ń tà á n'Ìkòtún gbé síwájú èmi àti ọkọ mi. Àkọ́kọ́, tí o bá tẹ bọ́tìnì pupa, á ká ohun tó ń lọ sínú ara rẹ̀. Bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, wàá bá a níbẹ̀. Èkejì kì í tọ́jú nǹkan. O lè dá àwòrán dúró, o lè dá a padà sẹ́yìn, àmọ́ tí iná bá ti lọ, ó parí nìyẹn.

Ọkọ mi ní èkejì lòun fẹ́, pé góòlù lásán lòun fẹ́ máa dá padà. Mo ní, "L'Ẹgbẹ́dá wa yìí, tí iná ti ń ṣe bó ṣe wù ú? Ẹ gbàgbé ẹ̀ jàre!" Ó sanwó fún èkejì. Ó gbé e.

Ọ̀dọ̀ wa ni màmá mi ń gbé nígbà yẹn. Àbúrò mi ọkùnrin, àbígbẹ̀yìn wọn, ló jáde nílé tí kò padà, ni wọ́n bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa. A ti wá a dé tẹ́ṣàn, dé ọsibítù, dé ibi tí mi ò fẹ́ dárúkọ. Ohun kan ṣoṣo tí màmá ń bẹ Ọlọ́run ni kí ojú wọn tún rí i láàyè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń fi Abúlé Ẹ̀gbá hàn nínú ìròyìn, níbi tí ọkọ̀ ńlá kan ti ṣubú. Mo ṣáà rí orí kan láàárín èrò. "Yéè! Àbúrò mi rèé!" Ọkọ mi já rímóòtù gbà, ó dá a padà. Òun ni! Ọkọ mi dá ojú rẹ̀ dúró gbagidi.

Màmá ń kírun Alásárì lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n gbọ́ mi. Síbẹ̀ wọn ò já ìrun náà, ta ló sì jẹ́ já ìyá ẹ̀ nínú ìrun? À ń wo ojú ọmọ náà, à ń dúró dè wọ́n. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ń sọ nínú mi pé, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde.

Ni iná bá lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe sálámà, tẹlifíṣàn ti dúdú. Wọ́n ní, "Ṣé ó rù ni, àbí ó sanra?"

Mo ní ó rù. Lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ mi ní ó sanra.

Wọ́n wò wá. "Ẹ ò rí ọmọ mi."

Mo bú ọkọ mi, mo bú dikódà, mo sunkún bí ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, a mú fọ́tò rẹ̀ lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, a fi han gbogbo ẹni tó bá dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Màmá mi kì í jẹ́ kí àsìkò ìrun kọjá lórí wọn rí. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n á ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á jókòó síwájú ìròyìn, wọ́n á máa wo àwọn tó dúró lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó di ìgbà tí ìròyìn bá parí kí wọ́n tó kírun.