Ṣáláńgá Kóòtù Inísà

Èmi ni mo ba kóòtù àtijọ́ tó wà ní Inísà jẹ́. Kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Bàbá mi ni akọ̀wé kóòtù náà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ilé alámọ̀ ni, ìjọba ló ni ín. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, pákó ni gbogbo fèrèsé rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti gbẹ́jọ́ níbẹ̀ kẹ́yìn. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níbẹ̀ tí ìdí àwọn olùpẹ̀jọ́ ti mú dán bíi dígí. Nígbà tí a gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ ra ibẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láti fi kọ́ ilé epo, bàbá mi ò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn lo ayé àwọn sí, bí wọ́n bá wó o, ta ni yóò gbà pé àwọn ṣiṣẹ́ kankan rí?

Àfi bí òfin tuntun kan ṣe jáde, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta ilé ìjọba tó ti di ohun ìtàn, kò sì gbọdọ̀ wó o, bí ilé náà bá ti wọ inú ìwé òfin. Bàbá mi kọ lẹ́tà, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Òkukù, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, títí ìjọba fi dá wọn lóhùn pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n wá láti Ìkìrun, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, kí n máa fojú sí ilé náà dè wọ́n.

Ẹ gbà mí o. Àlejò ń bọ̀ láti Òṣogbo, ilé sì rí báyẹn? Ní tiwa, bí àlejò bá ń bọ̀, a ó gbálẹ̀, a ó kun ilé. Mo pe àwọn obìnrin àdúgbò jọ. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Káfíńtà yọ fèrèsé onípákó, ó fi onígíláàsì sí i. Ẹnì kan fún wa ní páànù tuntun. A kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, mo sì ní kí wọ́n fi fóòmù pupa bo bẹ́ńṣì náà, kí ìdí àlejò lè gbádùn.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ṣáláńgá ẹ̀yìn ilé. Ọ̀dà ti tán. Ìtìjú ni ṣáláńgá náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, alántakùn ti gbabẹ̀. A fi tapólì bò ó, mo sì fi ìyá méjì ṣọ́ ọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá mi dé, wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú kan. Wọ́n dúró lẹ́bàá títì.

“Kóòtù dà?”

Mo rò pé iṣẹ́ abẹ náà ò jẹ́ ni. Mo ní, “Òun nìyí, Bàbá.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀. Wọ́n yọ lẹ́tà lápò, wọ́n ní kí èmi tíṣà kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilé náà gbọ́dọ̀ wà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ látilẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta dé, ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó fọwọ́ kan ògiri, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, ó sì rọra ṣàlàyé pé òfin ò lè gba ilé tuntun. Bàbá mi ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn ṣí fìlà. Ó dùn mí dé egungun.

Níbẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà. Ó dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn ìyá méjì náà ò jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fa tapólì náà ya. Ó pẹ́ kó tó jáde, ìgbà tó sì jáde, ó pe àwọn yòókù. Ni wọ́n bá ń wọn ògiri alámọ̀ rẹ̀ tí a ò fọwọ́ kàn, tí wọ́n ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọwọ́ nu pákó orí ilẹ̀kùn náà, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́: FÚN ADÁJỌ́ NÌKAN.

Ọmọbìnrin náà padà wá béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Bàbá mi dìde. “Èmi ni. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi nìyẹn, lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́.” Wọ́n dé fìlà wọn padà. “Wọn ò jẹ́ kí n lò ó rí.”

Bí ṣáláńgá ṣe wọ ìwé òfin nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká, kóòtù aláwọ̀ ìyeyè náà sì wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo ti gba ìlú Ìbà lọ. Wọ́n ri pátákó ìjọba síwájú ṣáláńgá, wọ́n kọ iṣẹ́ bàbá mi sí i: akọ̀wé kóòtù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ìgbálẹ̀ lọ síbẹ̀. Bàbá mi ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn méjèèjì là kedere. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ní kí n máa lọ sí Ìkìrun.