Ọjọ́ tí Sìdí Lọ Bẹ Aláìsàn Wò

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, ní abúlé wa létí ọ̀sà lọ́nà Ajah, kò sí ohun tí ó máa ń já mi láyà tó kí n pe àbúrò mi kí ó má dáhùn. Sìdí ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ń mú un lọ sílé ìwé, èmi ni mo ń mú un bọ̀. Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, èmi ni wọ́n á bi. Ẹ̀yin tí wọ́n fi àbúrò há lọ́wọ́ bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹ̀rù náà kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú wa ti rí. Kí wọ́n tó bí Sìdí, a ní ẹ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Múfú. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màmá ń yan ẹja lọ́wọ́ ni ó ré sómi, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Èrò kò tíì túká nílé wa tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fi sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ẹja ni ìyàwó yìí ń ṣọ́, kò ṣọ́ ọmọ." Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Ìdí-Àgbọn là ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, nítorí pé ìdí àwọn igi àgbọn tó wà lópin abúlé ni ilé wọn wà. Bàbá nìkan ló máa ń lọ kí wọn. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, ayé wa dùn. Láàárọ̀, a ó jẹ ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú ẹja yíyan, a ó fi yanrìn fọ ìkòkò títí yóò fi máa dán, èéfín yóò sì ti wọ irun wa kí a tó dé ilé ìwé. Àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ni ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké. Àǹtí Fọlá ni olùkọ́ wọn. Orí yanrìn ni wọ́n ti ń fi ìka kọ a, b, d, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. A, àánú. B, bẹ aláìsàn wò. D, dúpẹ́. Ọmọ tí kò bá tíì ṣe iṣẹ́ B kò ní kọjá sí D. Àǹtí Fọlá a máa sọ pé, "Ẹnu lásán kò kọ́ ọmọ níwà." Wọn kì í sábà na ọmọ, àmọ́ ẹni tó bá fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò kúnlẹ̀ nínú oòrùn títí orúnkún rẹ̀ yóò fi gbóná.

Sìdí há sí B. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé F, òun ṣì wà lórí B, nítorí pé kò sí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nílé wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò máa wo ojú mi bíi dókítà. "Àǹtí mi, ṣé orí ò fọ́ yín?" Bí mo bá ní rárá, yóò fajú ro.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń jẹun, Bàbá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá." Màmá ṣáà ń yọ egungun ẹja fún Sìdí.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ilé ìwé. Bàbá ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, Màmá wà nídìí ààrò ẹja. Mo lọ pọn omi. Nígbà tí mo dé, mo pe Sìdí, n kò gbọ́ kí ó dáhùn. Mo wo ẹ̀yìn ilé, mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo sáré lọ sídìí ààrò. Kí n tó sọ fún Màmá, wọ́n ti kà á lójú mi.

Igbe tí wọ́n ké, gbogbo abúlé ló gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin fi ìdí ààrò sílẹ̀, àwọn apẹja bẹ́ sómi, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Màmá fúnra wọn ti wọ omi dé ìbàdí tìró-tìró, wọ́n ń pe, "Sìdí o! Sìdí mi o!" Ẹja ń jó lórí iná, kò sẹ́ni tó yí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀rù bà mí láti pe orúkọ tí a kì í pè níwájú Màmá, ṣùgbọ́n mo sáré dé etí omi.

"Màmá, B ni wọ́n ní kó ṣe!"

"Kí lò ń wí?"

"Wọ́n ní kó bẹ aláìsàn wò. Ara Ìyá Ìdí-Àgbọn ni kò sì yá."

Màmá jáde nínú omi, wọ́n sáré, mo tẹ̀ lé wọn. Àmọ́ bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ẹsẹ̀ wọn dúró. A gbọ́ ohùn Sìdí nínú ilé. "Ẹ mu díẹ̀ sí i, kí n lè lọ sí D."

Ìyá Ìdí-Àgbọn wà lórí ẹní, ètè wọn ti bó, wọn kò lè dìde. Igbá omi wà lọ́wọ́ Sìdí. Omi ń kán láti ara ìró Màmá sórí ilẹ̀.

"Ìyàwó, ọmọ rẹ nìyí," ni ìyá náà wí. "Mo ní kó máa lọ, pé ẹ óò máa wá a. Ó ní àfi tí ara mi bá yá." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà ikú Múfú, kò yẹ kó jáde lẹ́nu mi."

Màmá gbá Sìdí mọ́ra, wọ́n gbá a nídìí, wọ́n tún gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí ìkòkò tó wà nídìí ààrò, kò sí nǹkan nínú rẹ̀. "Ràṣí," wọ́n pè mí, "lọ fọn iná."

Ọwọ́ Màmá ni ìyá náà ti jẹun títí ara wọn fi le. N kò ní parọ́ fún yín, wọn kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kíra wọn. Bí Màmá bá sì ń yan ẹja, Ìyá Ìdí-Àgbọn a gbé àpótí wá, wọn a jókòó, wọn a fi Sìdí sáàárín ẹsẹ̀ wọn.

Bàbá lọ bá Àǹtí Fọlá. Mo rò pé Bàbá fẹ́ lé wọn kúrò nílé ìwé. Bàbá kàn ní, "Àǹtí, ẹ̀kọ́ yín dára, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó pa ìyá Sìdí." Àǹtí Fọlá kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà, B di bẹ aláìsàn wò, ṣùgbọ́n sọ fún ará ilé kí o tó lọ. Sìdí sì bọ́ sí D.

Lónìí, Ṣàngótẹ̀dó ni mò ń gbé, nínú ilé tí ògiri yí ká, tí géètì rẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀. Inú fóònù ni ọmọ ọmọ mi ti kọ́ lẹ́tà, ó ti mọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n kò mọ ilé ẹnì kankan tó lè fẹsẹ̀ rìn dé, èmi náà kò sì mọ orúkọ ẹni tí a jọ pín ògiri. Nígbà tiwa, igbe ẹyọ kan ni Màmá ké, gbogbo abúlé wọ omi. Bí èmi bá ké lónìí, n kò lè búra pé ẹnìkan á ṣí fèrèsé.