Ọjọ́ Tí Àlejò Wá Wo Ìdọ̀tí Wa

Màmá mi ló kó wa sí wàhálà ọjọ́ náà, bí ẹ bá sì bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní èmi ni. Ẹja ni wọ́n ń yan tà létí ọ̀sà ní Agbóyì kí n tó gbọ́njú. Àfi bí iléeṣẹ́ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da omi ìdọ̀tí sínú odò tó ṣàn wá bá wa. Omi ń hó bí ọṣẹ, ẹja ń rùn bíi kẹrosíìnì, àwọn oníbàárà Màmá láti Kétu ò sì wá mọ́. Bí omi yẹn ò bá mọ́, iṣẹ́ Màmá tán nìyẹn.

La bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. A kọ ẹ̀sùn wa sára páálí, a gbé e kiri, a pariwo títí ohùn mi fi há. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn á rán òṣìṣẹ́ wá wo omi náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo dé etí omi, mo bá a tó ń dán. Màmá àtàwọn ìyá ẹgbẹ́ ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti gbọ́n ìfófó kúrò, wọ́n sì ti fi fóòmù fa epo dúdú orí omi.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ṣé kí àlejò wá bá wa nínú ẹ̀gbin ni?"

"Ẹ̀gbin yẹn gan-an ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ná."

Inú bí mi. Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n lọ ra ọṣẹ ìfọṣọ dà sínú omi náà kó tún lè hó.

Òṣìṣẹ́ méjì dé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin náà wo omi títí. Ó ní, "Omi yín mọ́ ju ti Ògùdù lọ."

Màmá ò tiẹ̀ gbọ́. Àlejò kì í kúrò nílé wọn láìjẹun. Wọ́n gbé ẹja tó tóbi jù kalẹ̀ pẹ̀lú ata díndín. Ọkùnrin náà bù ú sẹ́nu, ó rọra tu ú sínú áńkáṣíìfù. Obìnrin náà ti àwo tirẹ̀ síwájú. "Mummy, ẹ má bínú, a ti jẹun wá."

Ẹnikẹ́ni ò dá ẹja Màmá padà rí. Ojú ti Màmá, ó sì dùn mí wọra.

"Ẹja mi ò rí báyìí tẹ́lẹ̀," Màmá ní. "Ẹ dìde, ẹ bá mi kálọ."

Màmá mú àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ sẹ́yìn ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja. Àwọn abọ́ tí wọ́n gbọ́n ìfófó àti epo sí wà níbẹ̀, ó ṣì ń hó. Obìnrin náà yọ ìgò kan jáde láti bù ú lọ fún àyẹ̀wò. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi etí ìró wọn nu ún mọ́ tónítóní, wọ́n sì bu ìdọ̀tí náà sí i.