Igi Àárín Ọkọ̀ Àbúrò

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé ọkùnrin yìí kì í ṣe òpònú o. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, àwọn ọkọ̀ oní-fáíbà tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Kàn-án-gbọ́ ni gbogbo ayé ń pè é, etí rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ náà.

Ẹ̀yin náà á ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Òde rẹ̀ ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ pákó tí èrò ń tẹ̀, igi gbọọrọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, láti imú ọkọ̀ títí dé ìdí níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Fáíbà, aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ títí tó fi le bí pákó, ni wọ́n fi bò wọ́n yí ká, èèyàn ò lè rí wọn. Àwọn gan-an ni egungun ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá kan síkúrù síbi tí kò yẹ, omi á gba ojú ihò náà wọlé, á máa jẹ igi díẹ̀díẹ̀, òde á ṣì máa dán. Ọjọ́ tí ìgbì bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sókè tó tún sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ á là. Èrò inú rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Àwọn oníṣẹ́ mìíràn a máa lu ihò kéékèèké láti wò ó bóyá igi ti jẹrà. Kàn-án-gbọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó ń lu ihò kiri, ilẹ̀kùn ló ń ṣí sílẹ̀ fún omi. Tirẹ̀ ni kó dọ̀bálẹ̀ sínú ọkọ̀, kó fi òòlù kékeré kan fáíbà láti iwájú dé ẹ̀yìn, kó dẹtí sílẹ̀. Igi tó le á dáhùn kó, kó, kó. Èyí tó ti jẹrà á ní bù, bù, bí ìgbà tí èèyàn ń lu ìrọ̀rí. Á wá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà: gé ibí, fi ibí sílẹ̀. Kì í ṣì í.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ló kọ́kọ́ fura. Á bá a sọ̀rọ̀ láti ìdí maṣíìnì, kò ní dáhùn. Lọ́jọ́ kan, rédíò rẹ̀ pariwo débi pé aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn, òun tó jókòó ti ilẹ̀kùn náà kò mira.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ fi etí yẹn han dókítà."

"Etí wo? Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan."

"Èmi? Èmi tí bàbá mi ní ohùn mi lè jí òkú?"

"Ó ti rẹ ohùn náà nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ọkùnrin yìí mọ̀. Ó ti tó ọdún kan tí kò ti gbọ́ ohùn ẹyẹ láàárọ̀ mọ́, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn ẹyẹ ló kó kúrò ládùúgbò.

Orí àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà wá já lé. Awakọ̀ ni àbúrò yìí. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní òdìkejì omi ló máa ń kó lọ láàárọ̀, tó ń kó bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ṣàkíyèsí pé abẹ́ ọkọ̀ ń ké nígbàkigbà tí ìgbì bá gbá a, ó sì gbé e wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ilé-iṣẹ́ fún un. Bí kò bá padà sójú omi lọ́jọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì náà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ fún. Iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè ṣe é tán?"

"Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

Àwọn méjèèjì jọ ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò. Kàn-án-gbọ́ dọ̀bálẹ̀, ó kan igi òsì. Bù, bù. Ó kan ti àárín. Bù, bù. Ti ọ̀tún, bákan náà. Ó yà á lẹ́nu, torí ọkọ̀ náà kò tíì gbó.

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ," ó ní.

Àbúrò rẹ̀ fọwọ́ họ orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èyí tó wà láàárín yìí dún bí ẹni pé ó le."

"Ó dún bíi kí ni?"

"Bí ẹni pé ó le."

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ọkọ̀ mélòó lo ti gé rí láyé ẹ? Dákẹ́, jàre."

Àbúrò rẹ̀ gbà. Kí ni kó ṣe? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tó wà ní kékeré, tó ń fi ọwọ́ gbé e ní àyà lórí omi. Ta ni kó wá gbà gbọ́ bí kò bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Ní ọjọ́ kejì, Kàn-án-gbọ́ so ìbòmú, ó gbé maṣíìnì ìgé. Ariwo maṣíìnì yẹn! Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ké sí i létí, kò sì fi nǹkan kan bo etí rí. Imú ló máa ń bò, nítorí eruku fáíbà. Ta ló ń ro ti etí?

Igi òsì jẹrà lóòótọ́. Ọwọ́ ló fi ń bù ú jáde, dúdú, rírin, ó ń rùn bí ewé tó kú sínú gọ́tà. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá gé fáíbà ti àárín, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀ láti fi ṣí i sókè. Igi kò mì. Ó tún gbìyànjú. Irin náà ta padà, díẹ̀ ló kù kó gbá a lẹ́nu. Ó bínú, ó gbé òòlù ńlá, ó bá igi náà jà títí di ọ̀sán, kó tó dá sí méjì. Nígbà tó dá, eruku gbígbẹ ló fẹ́ jáde. Inú igi náà mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n là á. Igi tó ṣì lè lo ogún ọdún sí i ni.

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà, ó gbé ègé igi tó le náà kalẹ̀ níwájú, ó gbé àjẹkù igi òsì tó ṣì wà nínú fáíbà tì í. Ó kan ọ̀kan. Bù. Ó kan ìkejì. Bù. Ó di ojú, ó tún kàn wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀. Ó rántí ọkọ̀ méjì tó gé lọ́dún yẹn kan náà, bí igi wọn ṣe bá a fa wàhálà kí wọ́n tó jáde, bó ṣe sọ fún ara rẹ̀ pé ara òun ni kò le mọ́. Àgbàlagbà tí omijé kò bọ́ lójú rẹ̀ níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá ń sunkún nínú ọkọ̀ òfìfo.

Ó lè parọ́ o. Ta ló máa mọ̀? Kó kàn kó igi náà síná, kó ní inú rẹ̀ ti jẹrà. Ó rò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé nírọ̀lẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé:

"Wá bá mi kan ti ọ̀tún yìí."

Àbúrò rẹ̀ wo igi tó wà nílẹ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gba òòlù. Ó kan igi ọ̀tún láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òòlù ń lọ, Kàn-án-gbọ́ ń wo ojú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé tó ń dúró de èsì ìdánwò.

"Ó le, Ẹ̀gbọ́n. Ìdí rẹ̀ yìí nìkan ló rọ̀."

"Ti àárín ńkọ́? Lọ́jọ́ yẹn. Ṣé lóòótọ́ lo gbọ́ ọ pé ó le?"

Àbúrò rẹ̀ ń fi ọwọ́ nu eruku lára òòlù.

"Mò ń bi ọ́."

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí n dákẹ́."

Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó. Kàn-án-gbọ́ fa ṣọ́ọ̀kì yọ, ó nà án sí àbúrò rẹ̀ pé kó fa ilà sí ìdí igi ọ̀tún.

Igi tí wọ́n ti fọ́ kò ṣeé lẹ̀ padà. Wọ́n ní láti wá igi mìíràn, kí wọ́n gbẹ́ ẹ kó bá abẹ́ ọkọ̀ mu, kí wọ́n fi fáíbà bò ó ní ìpele ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Òjò tún rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, fáíbà kì í sì í gbẹ nínú ọ̀rinrin. Kàn-án-gbọ́ á fi ìka kàn án láàárọ̀, á tún fi kàn án lọ́sàn-án, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé kọjá lórí wọn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó rí ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ náà sọdá.

Ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́ jù kó tó gbà. Dókítà ní ariwo maṣíìnì ló ba etí jẹ́, kò sì ní oògùn. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sétí, ó lè jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn dáadáa sí i. Kàn-án-gbọ́ béèrè bóyá ó lè jẹ́ kó gbọ́ ohun tó wà nínú igi. Ìbéèrè náà kò yé dókítà.

Àbúrò rẹ̀ kò bínú. Ì bá bú u, ì bá sàn. "Kò sí wàhálà, Ẹ̀gbọ́n," ló ń sọ ṣáá. Ó lọ ń bá ẹnì kan wa ọkọ̀ ẹrù, agbára káká ni ọmọ mẹ́rin fi ń jẹun.

Ó lé ní ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọjọ́ Ajé yẹn kí ọkọ̀ tó ṣeé dá padà sómi. Ọkùnrin mẹ́fà ló péjọ láti tì í. Kàn-án-gbọ́ di imú ọkọ̀ mú, níbi tó ti máa ń dì mú láti ọgbọ̀n ọdún wá. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ń kà á: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Gbogbo wọn tì í, òun kò gbọ́, kò tì í. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ ẹnì kan lẹ́sẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ yí wá síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká jẹ́jẹ́, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó sì pariwo, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń bá arúgbó tí kò mọ ibi tó wà mọ́ sọ̀rọ̀:

"Ẹ̀GBỌ́N! Ẹ LỌ SINMI! A MÁA TÌ Í!"

Àwọn yòókù wo ilẹ̀. Kàn-án-gbọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó bọ́. Ó jọ̀wọ́ imú ọkọ̀, ó sì kúrò lọ́nà fún wọn.