Bí Ẹ-Dínkù Ṣe Bá Dókítà Nájà

Ọjọ́ tí Ẹ-Dínkù dìde níwájú ààrẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lókè òkun, tó jáde, tó ń retí kí wọ́n pè é padà, kò sẹ́ni tó pè é. Ìtàn yẹn làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Níbi ìsìnkú rẹ̀ gan-an, èèyàn mẹ́ta ló sọ ọ́, oníkálukú sì fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìṣojú ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ṣe, òun ló sì mọ bó ṣe rí.

Káfíńtà ni Ẹ-Dínkù. Àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn ló ń kàn. Kò sí ohun tí ẹ máa pè níye kan tó máa gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀ wá kí i laago mẹ́rin, á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta ààbọ̀. Bí ẹ bá ní ó ti tó ọdún mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti ríra yín, á ní ó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ mú méje. Ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù wá sọ ní Mànàmáná, jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí ẹgbẹ́ kan lókè òkun ní kó wá ṣe atamátàsé fáwọn. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́. Ọkọ obìnrin náà ti já látorí ilé tí wọ́n ń kọ́, orúnkún rẹ̀ fọ́, ó sì tiro títí tó fi kú. Ìyá náà pe Ẹ-Dínkù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bèèrè ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ yín. Ẹsẹ̀ méjèèjì tọ́mọ mi fi ń rìn lọ yìí, òun náà ni kó fi rìn padà wá bá mi.”

“Mo gbọ́,” ni Ẹ-Dínkù wí. Kò ná an rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn láyé rẹ̀ tó gba nǹkan bí wọ́n ṣe pè é.

Ó wá di ọ́fíìsì ààrẹ. Obìnrin kan tó gbọ́ èdè wọn ló ń ṣe ògbufọ̀. Ààrẹ ti ìwé síwájú wọn, ó ní kí ọmọ náà fọwọ́ sí ọdún márùn-ún. Ẹ-Dínkù kọ́kọ́ mi àga tó jókòó lé wò, bóyá oríkèé rẹ̀ dúró dáadáa, kó tó lanu.

“Ọdún márùn-ún? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì.”

“Wọ́n ní márùn-ún ni, sà.”

“Ẹ sọ fún wọn pé méjì, pẹ̀lú ọpẹ́.”

“Wọ́n ní márùn-ún náà ni o, sà.”

Ẹ-Dínkù dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí ọmọ náà tẹ̀ lé òun. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, bí oníbàárà tó fẹ́ kí olójà ráyè ké pe òun. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jáde ní géètì, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n rí ara wọn ní ibùdókọ̀, òjò wínníwínní sì ń ta sí wọn lára.

“Bàbá, wọn ò pè wá o.”

“Wọ́n ń rò ó lọ́wọ́ ni. Má wẹ̀yìn! Ẹni tó bá wẹ̀yìn, ọ̀wọ́n ló máa rà á.”

Bọ́ọ̀sì kan kọjá, èkejì kọjá. Ìkẹta ṣílẹ̀kùn fún wọn, Ẹ-Dínkù sì juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ, àwọn ń retí ẹnìkan. Omijé ti lé sójú Mànàmáná. Ó ti ń rò ó bóun ṣe máa padà sílé lọ sọ pé àga lòun kàn máa kọ́ kíkàn báyìí. Àfi bí obìnrin ògbufọ̀ ṣe sáré dé tòun ti agbòjò, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ààrẹ ti wò wọ́n lójú fèrèsé, ó rí i pé wọn ò wọ bọ́ọ̀sì kankan, ló bá gbà pé ọkọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tó wà nílùú náà ni wọ́n ń dúró dè. Ó ní ọdún mẹ́ta, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n padà.

“Ṣó o rí i?” ni Ẹ-Dínkù wí bí wọ́n ṣe ń padà lọ. “Àwọn èèyàn ibí ò burú. Ohùn wọn ni ò rinlẹ̀.”

Nígbà tí ọdún mẹ́ta náà pé, ẹgbẹ́ kejì tí Mànàmáná lọ wà nílùú mìíràn létí òkun. Kóòṣì ibẹ̀ ò tíì fọkàn tán Mànàmáná, orí bẹ́ǹṣì ló máa ń fi í sí. Ẹ-Dínkù, tó máa ń wá wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lọ bá a lórí pápá. Mànàmáná fúnra rẹ̀ ló di ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì í bíi kí ilẹ̀ lanu. Kóòṣì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn lòun lè fún un. Ẹ-Dínkù ní ọgbọ̀n. Wọ́n fà á títí, wọ́n parí ẹ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kóòṣì mú àdéhùn ṣẹ, ọmọ náà sì ń jẹ gólì lọ ràì. Nígbà tí sáà kejì dé, kóòṣì ní kó wá máa gbá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Ta ló tún fárí gá? Ẹ-Dínkù ni. Ó ní àádọ́rùn-ún ti pọ̀ jù, kí wọ́n mú àádọ́rin.

Ẹgbẹ́ kẹta ńkọ́? Wọ́n fún Mànàmáná ní káàdì pupa níbẹ̀, wọ́n ní kó jókòó nílé fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Ẹ-Dínkù ní kó bá òun kọ lẹ́tà sáwọn aláṣẹ pé kí wọ́n mú ọ̀kan ààbọ̀. Wọ́n fèsì pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ààbọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀. Ó tún kọ̀wé pé kò burú, kí wọ́n jẹ́ kó wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìdajì eré. Wọn ò fèsì mọ́.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n ní ẹgbẹ́ kẹrin, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mànàmáná ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó já bọ́ọ̀lù gbà, ó yí padà, orúnkún rẹ̀ òsì sì dún. Ibùsùn àfọwọ́gbé ni wọ́n fi gbé e kúrò lórí pápá. Ìyá rẹ̀ ò gbọ́, torí Ẹ-Dínkù ló gbé fóònù nígbà tí wọ́n pè sílé, ó sì sọ fún un pé ọmọ náà ń sùn ni. Lọ́jọ́ kẹta, Ẹ-Dínkù fúnra rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Wọ́n jọ jókòó sí yàrá dókítà. Bébà funfun ni wọ́n tẹ́ sórí ibùsùn, orúnkún oníke kan sì wà lórí tábìlì. Dókítà fa ìwé yọ látinú àpò ńlá kan, ó ń kà á, kò gbójú sókè. Mànàmáná ló tún ń ṣe ògbufọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń túmọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ó ní oṣù mẹ́sàn-án, Bàbá. Ó ní... ó ní ó ṣeé ṣe kí n má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó ní mo lè máa tiro.”

Ẹ-Dínkù yí fìlà tó gbé lé itan síhìn-ín sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, bàbá náà húkọ́.

“Oṣù mẹ́sàn-án? Ṣé oyún ni? Sọ fún un kó mú mẹ́rin.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà nìyí, kì í ṣe ọjà.”

“Sọ fún un!”

Ó sọ ọ́. Dókítà ní mẹ́sàn-án ni.

“Ó dáa, márùn-ún. Bí ò bá gbà, kó wá fi ohun tó wà nínú mẹ́sàn-án ọ̀hún hàn mí. Bí oníbàárà bá ní àga mi ti wọ́n jù, ṣebí mo máa ń fi igi tí mo lò hàn án.”

Kí ara ṣáà lè tu dókítà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa àwòrán eegun yọ látinú àpò náà, ó gbé e kọ́ síwájú iná. Ẹ-Dínkù wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

“Ta ló kan ìṣó mọ́ ọmọ mi lára?”

Mànàmáná ò mọ bóun ṣe máa túmọ̀ ìyẹn. Ó ṣáà túmọ̀ ẹ̀.

“Ìṣó méjì rèé,” ni Ẹ-Dínkù wí, ó ń fìka tọ́ka sí i. “Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi ń kan ìṣó, kò sẹ́ni tó máa fi ìṣó hàn mí kí n má mọ̀ ọ́n. Wọn ò sì fi abẹ kan ọmọ yìí rí láyé. Ẹsẹ̀ ta nìyí?”

Dókítà yíjú padà. Ó wo àwòrán, ó wo orúkọ tó wà lára àpò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìwé àtijọ́ gólí wọn àgbà ni, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó ti gbádùn, tó ń fò kiri lórí pápá lọ́wọ́lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó mú àpò Mànàmáná wọlé. Dókítà wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀. Iṣan ló fà, kò já. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò ní sí àpá.

Mànàmáná bú sẹ́kún bí ọmọ ọwọ́. Ẹ-Dínkù jókòó pàà sórí bébà funfun yẹn, ó ń nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó na ìka sí dókítà.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Sọ fún un kó mú mẹ́rin.”

Ojú ti dókítà débi pé ó gba márùn-ún. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ sí i. Ẹ bá mi gbọ́ nǹkan: ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ márùn-ún pé gan-an ni Mànàmáná padà sórí pápá.

Ṣé Ẹ-Dínkù wá dákẹ́ ni? Rárá o. Gbogbo ẹni tó bá wá ra àga ló ń gbọ́ ọ. Ìṣó náà sì ń pọ̀ sí i. Méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di méje, nígbà tó sì pé ọdún kẹwàá, àgádágodo kan ti wà nínú eegun náà. Nǹkan kan ṣoṣo tí kò dínkù rí nìyẹn.

Mànàmáná gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ méjì sí i, ó fẹ̀yìn tì lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó wálé. Ìyá rẹ̀ ò tiẹ̀ kí i tán tó fi ní kó rìn dé ilé ìdáná, kó tún rìn padà. Ó rìn ín. Ẹ-Dínkù dúró létí ògiri, bí ẹni tó gbé iṣẹ́ wá fún oníbàárà tó lójú. Ìyá ní ó dáa, ẹ wọlé, ẹ jókòó.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ẹ-Dínkù kú, lójú oorun ọ̀sán, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí èrò ìsìnkú bẹ̀rẹ̀ sí í túká, Mànàmáná jókòó ti ìyá rẹ̀ ní pálọ̀, ó sì tú àṣírí kan tó ti wà níkùn rẹ̀ tipẹ́. Ìtàn ìṣó, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sẹ́ni tó jẹ́ kí ìyá mọ̀ pé dókítà sọ̀rọ̀ títiro.

“Mo mọ̀,” ni ìyá wí.

“Ta ló sọ fún yín, Màámi?”

“Òun náà ni. Ọjọ́ tó dé látibẹ̀, kò yà sílé ẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ wá. Ó jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn, ó sunkún. Ó ní nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ yẹn, ìrètí ti pin fún òun. Ó ní òun ò rí ìṣó kankan nígbà yẹn, òun ò rí nǹkan kan. Ó ní òun kàn ń ná an ṣáá ni, torí bóun bá dákẹ́, ó di dandan kóun dìde wá sọ fún mi.”

Mànàmáná fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bá a jáde. Gbogbo ọdún tóun ti ń fi bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́, kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà á. Ó fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ tó fi wà láyé lọ, ara sì tù ú pé ìyá òun ti mọ̀ látọjọ́ yìí, pé kò sí nǹkan kan mọ́ tóun ń fi pa mọ́ fún un.

Ìyá nu ojú, ó ní kó fa òun dìde, àwọn èèyàn ṣì wà lójúde tí àwọn méjèèjì ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó fà á dìde. Wọ́n jọ jáde, ìyá fara tì í, òun sì dúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.